Ará Ẹ̀yìn Géètì

Ẹ bá wa yọ̀ o. Òpópónà wa ní Ayọ̀bọ̀ ti di orílẹ̀-èdè.

Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, ló sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ́bodè ló ṣe ní Ṣẹ̀mẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó délé tí kò rí bodè ṣọ́ mọ́, ó ri géètì onírin mọ́ ààrin òpópónà tiwọn àti tiwa. Ó ní òpópónà mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́ ni ECOWAS tòun. Àwa tó kù, "ará ẹ̀yìn géètì" ni wọ́n ń pè wá.

Bàbá mi, Alájì Sàkàrìyáù, kórìíra orúkọ yẹn gidigidi. Orúnkún ń dùn wọ́n, mọ́ṣáláṣí sì wà ní òdìkejì géètì níbẹ̀ yẹn, ẹ máa gbọ́ tí lèmọ́mù bá wúkọ́. Síbẹ̀, inú ẹrẹ̀ òpópónà tó wà lẹ́yìn tiwa ni wọ́n ń gbà yí po kí wọ́n tó lè kírun. Ọpẹ́lọpẹ́ Fàúsátù, aránṣọ tó ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn yẹn. Òun ló máa ń gbé àga fún wọn kí wọ́n sinmi, tó sì máa ń bomi sí kẹ́tù wọn fún àlùwàlá.

Nígbà tó yá, wọ́n gba òpópónà tiwa náà sínú ẹgbẹ́; ìpàdé ọjọ́ náà dùn jọjọ.

Alága ní, "Ẹ wò ó, àwọn kan ń sá jáde ní ECOWAS, àwa ń gba èèyàn sí i! Kò sí bodè láàárín wa mọ́."

Wọ́n ta àsíá mẹ́rin, ọ̀kan fún òpópónà kọ̀ọ̀kan. Fàúsátù ló bá wa rán tiwa lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi sunkún ayọ̀. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́.

Kí omijé tó gbẹ, alága béèrè ibi tí a máa gbé géètì sí, ṣebí bodè ti tán. Ẹnìkan ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá mi nawọ́.

"Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn wa lọ́hùn-ún. Àwọn ará ibẹ̀ ti pọ̀ jù jàre, wọ́n á sọ ọ̀nà wa dọjà."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ géètì lé bàbá mi lọ́wọ́ nítorí làákàyè wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, géètì ti wà lẹ́yìn wa. Fàúsátù dé ibẹ̀ tòun ti kẹ́tù tí bàbá mi gbàgbé sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Alájì, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi kí n lè bá ibí dé mọ́ṣáláṣí."

Bàbá mi na ọwọ́ gba àárín irin, wọ́n gba kẹ́tù wọn, wọ́n dúpẹ́ dáadáa. Wọn ò ṣí géètì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè kí Fàúsátù.

Alága tó wá wo ibi tí wọ́n gbé géètì sí béèrè pé, "Alájì, ta ni yẹn?"

"Kì í ṣe ẹnì kankan, alága. Ará ẹ̀yìn géètì ni."