Ẹ̀wù Tí Kò Jẹ́ Kí Tísà Dọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ kan náà ni Japheth, tísà ìjọ ní Kúdẹ̀tì, àti Màmúdù, ahunṣọ Bẹ́yẹrúnká, jáde láyé, ni wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀nà ọ̀hún ga ju òkè Màpó lọ, kò sì sí ibi tí èèyàn lè fìdí lé. Aṣọ funfun lásán ni wọ́n fi wé Màmúdù. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí sàréè, wọ́n tú okùn ara aṣọ náà bí àwọn Mùsùlùmí ti í ṣe, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Tísà! Kóòtù dúdú tó ránṣẹ́ rà l'Ékòó, kọ́là ọrùn tó le bí èèpo igi, bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe wọṣọ fún òun. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un, wọ́n kan pósí pa. Ta ni yóò wá tú bọ́tìnnì fún òkú?

"Ẹ̀gbọ́n Màmúdù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ó ti rẹ̀ mí."

"Bọ́ ẹ̀wù yẹn, Tísà."

"Kí n bọ́ ọ kẹ̀? Kí n wá wọ ọ̀run bí aláàárù?"

Màmúdù wo aṣọ ara tirẹ̀. "Aláàárù náà ló ti ń dúró dè ọ́ látàárọ̀."

Ní ibodè, ìyá ẹni tàbí baba ẹni ní í jáde wá wí pé, "Ọmọ mi nìyí," kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí wọn ò bá pè títí oòrùn fi wọ̀, ojú ọ̀nà náà ló dilé rẹ̀. Ọkàn Japheth kò balẹ̀. Àṣàkẹ́, aláró Bẹẹrẹ, ni ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Tísà ti ń wọ kóòtù, kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́, bíbọ̀ ló ń bọ ìyá lọ́wọ́, kí aṣọ má baà rún. Ìka méjì péré ló sì ń nà, nítorí aró.

Àṣàkẹ́ ti jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, baba Màmúdù sì ti ń juwọ́ sí ọmọ tirẹ̀.

"Ọmọ ló ń kọ́kọ́ kí ìyá," oníbodè wí, ó yán. "Ṣe kíá, oòrùn ti rẹlẹ̀."

Japheth tẹ̀ díẹ̀. Kóòtù fún un láyà, kọ́là gún un lọ́rùn, ó nà ró bí ọmọ odó. Ó na ọwọ́.

Àṣàkẹ́ kó ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìró. "Aró wà lọ́wọ́ mi, Tísà. Aṣọ yín á bàjẹ́."

*Yín!* Ìyá tó bí i ló ń fi ẹ̀yin pè é. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju gbogbo òkè tó ti gùn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Màmúdù," Japheth ní, "ẹ bá mi ya kóòtù yìí."

"Aṣọ tó dáa báyìí?" Ó dun ahunṣọ náà dénú. Síbẹ̀ ó fìka wá ojú rírán lẹ́yìn kóòtù, ó fà á, ó ya fàà. Japheth ṣubú lulẹ̀, ó fàyà balẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Àjàní," ìyá rẹ̀ fi oríkì rẹ̀ pè é. "Ó tó. Dìde."

Àjàní kò lè dìde. Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun.

"Ṣé ọmọ yín ni?" oníbodè béèrè.

"Ọmọ mi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ má tì í wọlé." Àṣàkẹ́ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó sinmi ná."