Ajá Tó Kù Sílẹ̀ Nínú Òjò

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì jọ èyí tó fẹ́ dá. Télọ̀ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní àwọn á jáde náà ni. Ó ti ń fi nǹkan kan pa mọ́ fún bàbá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ohun náà rèé. Òrùlé bàbá ń jò. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló ń gbé inú ilé náà, tí òjò bá sì ti ṣú, wọ́n á máa ti korobá kiri láti yàrá dé yàrá. Télọ̀ fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Àmọ́ onílé tó gba Télọ̀ sílé, níbi tó ti ń ránṣọ, kò fẹ́ fojú rí ajá, bàbá sì ní Onírùngbọ̀n, ajá arúgbó kan tí gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Télọ̀ bá lọ bá obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ, níbi tí àwọn èèyàn ti ń mú ajá wọn wọlé jẹun. Obìnrin náà ní òun á gbà á, kí wọ́n ṣáà mú un wá lọ́sàn-án Sátidé, ọjọ́ òjò yìí gan-an.

Ohun tí Télọ̀ sọ fún bàbá yàtọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, ká sì jẹun níta.”

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi wa rélùwéè. Inú wọn dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yẹn.

Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wo Onírùngbọ̀n, ó ní, “Ajá lè wọlé o, kó má ṣáà tọ̀ sára ẹ́ńjìnnì.”

Bàbá dá a lóhùn pé, “Èyí ò jẹ́ dán an wò. Ó mọ ọ̀gá rẹ̀.”

Wọ́n rìn já gbogbo inú ilé náà, òjò ń lu páànù lórí wọn. Lẹ́yìn ilé, níta gbangba, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan dúró pẹ̀lú kóòṣì méjì tí èrò máa ń wọ̀, irú èyí tí bàbá wà nígbà èwe wọn. Ojú wọn tàn. Wọ́n ní kí Télọ̀ lọ sínú kóòṣì ẹ̀yìn, kó ṣe gáàdì fún àwọn. Àsíá méjì wà níbẹ̀, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan.

Bàbá ní, “Gbọ́ o. Èmi tí mo wà níwájú, mi ò rí ẹ̀yìn. Ohun tí gáàdì bá sọ fún mi ni mo mọ̀. Tó bá ti gbé aláwọ̀ ewé sókè, mo gbà pé wọ́n ti ti gbogbo ilẹ̀kùn, pé kò sẹ́ni tó kù nílẹ̀. Mi ò ní bi í lẹ́ẹ̀kejì. Màá fun fèrè, ó di ìrìn.”

“Ẹ̀yin náà! Ẹ́ńjìnnì tí kò ní iná nínú, ibo ló fẹ́ gbé wa lọ?”

“Ìwọ ṣáà wò ó dáadáa.”

Àtẹ̀gùn kóòṣì náà ga, ẹsẹ̀ Onírùngbọ̀n kò gbé e mọ́. Télọ̀ so ó mọ́ òpó, ó sá wọlé kí òjò má baà ba irun rẹ̀ jẹ́, ó yọ orí síta, ó gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè.

Kò gbọ́ fèrè.

Bàbá ti gbọ́ igbe ajá wọn, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń bọ̀ wéréwéré nínú òjò láìbo orí. Wọ́n tú okùn ajá náà, wọ́n fi ọwọ́ nu omi lójú rẹ̀. Wọn ò jágbe. Wọ́n kàn ní, “O ní kí n máa lọ, ẹni wa ṣì wà nílẹ̀.”

Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòṣì. Kò lè wo ojú wọn.

Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí ilé oúnjẹ náà, inú rẹ̀ sì móoru. Ajá mẹ́ta ti sùn sábẹ́ tábìlì kiri, abọ́ omi wà lẹ́nu ọ̀nà, náfíkíìnì pupa, aṣọ ìnuwọ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ọbẹ̀ adìyẹ àti búrẹ́dì gbígbóná wá. Láti ẹ̀yìn káńtà, obìnrin tó ni ibẹ̀ ṣẹ́jú sí Télọ̀, ó gbé abọ́ eegun kan, ó ń bọ̀. Télọ̀ fi ṣíbí sílẹ̀.

“Bàbá, mo parọ́ fún yín. Ibí ni mo fẹ́ fi Onírùngbọ̀n sí. Onílé mi ò gba ajá.”

Bàbá bu búrẹ́dì, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ajá gbà á.

“Ó ti tó ọjọ́ mélòó tóo ti mọ̀?”

“Ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Ó pẹ́ kí gáàdì tó sọ̀rọ̀.” Wọ́n mú náfíkíìnì wọn, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja sáàárín tábìlì. “Pupa rèé. Mi ò lọ síbì kankan.”

Obìnrin náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. “Àǹtí, ṣé kí n máa mú un lọ sẹ́yìn?”

Télọ̀ wo aṣọ pupa náà. Ó wo ajá tó gbé orí lé bàtà bàbá, tí bàtà náà kún fún omi. Ó ní, “Rárá o. Ẹ má bínú. Ẹ bá wa gbé eegun yẹn kalẹ̀ síbí.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Télọ̀ béèrè, “Yàrá tó kọjú sí títì, ṣé ó ń jò?”

“Ìyẹn ò jò. Bàtà ni mo kó síbẹ̀.”

“Ẹ kó bàtà yín kúrò. Èmi àti maṣíìnì mi ń bọ̀.”

Bàbá wò ó títí. “Àwọn oníbàárà rẹ ńkọ́?”

“Ẹni tó bá fẹ́ kí ṣòkòtò òun bá ìdí òun mu á rìn dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, káfíńtà á gun òrùlé.”

“O máa ń hanrun o.”

“Ajá yín náà ń hanrun.”

“Ìyẹn ti dàgbà ní tiẹ̀.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi pá a lórí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbé ẹsẹ̀. Télọ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ó mú agboòrùn, ó mú fìlà wọn, ó di okùn Onírùngbọ̀n mú dáadáa.

“Ó ti pé, Bàbá.”

Bàbá fi ẹnu fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bọ́ sínú òjò.