Ogún Ẹsẹ̀ Láti Ara Ògiri

Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi bá ọkọ àbúrò mi sọ̀rọ̀. Nídìí oúnjẹ ló ti sọ pé ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin kò lè mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga jẹun! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò dà nínú mi.

Kànga ilé búrẹ́dì àbúrò mi wá gbẹ. Mo gbẹ́ ihò méjì fún un, eruku funfun ló ń tú jáde. Ó ní bí ẹ̀kẹta bá tún gbẹ, òun á ti ilé búrẹ́dì náà pa. Ló bá pe ọkọ ẹ̀, torí iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa wá ibi tí àpáta ti là lábẹ́ ilẹ̀. Inú ibi tó là bẹ́ẹ̀ lomi ń gbé.

Ọkùnrin náà gbá irin mọ́lẹ̀, ó na wáyà, ó ń ka nọ́ńbà. Ibi tó bá ti rọrùn fún iná mànàmáná inú wáyà náà láti gba inú ilẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kí àpáta ti là níbẹ̀. Bó bá ti lanu, èmi a fìka dí etí títí àbúrò mi á fi jíṣẹ́.

"Wọ́n ní ogún ẹsẹ̀ láti ara ògiri, ọgọ́ta mítà sísàlẹ̀ lomi wà," àbúrò mi wí, ìyẹ̀fun ní imú.

"Sọ fún un pé mo gbọ́."

Mo ṣí ẹsẹ̀ ogún, gbọọrọ, gbọọrọ. Mo gbẹ́ dé ọgọ́ta mítà. Eruku. Inú mi fẹ́ dùn pé ọ̀mọ̀wé ṣìnà, àfi bí mo ṣe rójú àbúrò mi, tó ń tú ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ na téèpù, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ta ló wọn èyí?"

Mo gbàgbé ìjà. "Ìwọ lo ní ogún ẹsẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ bàtà ni mo wí, ẹ jọ̀ọ́! Tiyín kì í ṣe ẹsẹ̀, òpó iná ni!" Ó tẹ bàtà mọ́lẹ̀ nítòsí ògiri. "Ẹ gbẹ́ ẹ níbí. Bí kò bá sómi, èmi náà á padà sí kíláàsì kẹrin."

Ní mítà kejìdínlọ́gọ́ta, irin ẹ̀rọ mi ṣàdédé rì. Eruku di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di omi, omi tú sókè, ó rẹ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbindingbindin.

"Mo sọ pé ọgọ́ta!" ọkọ àbúrò mi pariwo.

"Kejìdínlọ́gọ́ta ni. O fi méjì ṣì í."

"Bùọ̀dá, mítà méjì lẹ tún fẹ́ bá mi jà sí?"

"Ọdún mọ́kànlá mìíràn!"

Àbúrò mi ti ń kó korobá bọ̀. "Ẹ jà á dọ̀la," ó wí, "àmọ́ ẹ yẹra lójú omi mi."