Lẹ́ǹsì Tó Ríran Ju Ilé Lọ

Nígbà tí Akínyẹmí fẹ́ fẹ́ Kíkẹ́lọmọ níyàwó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ronú sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ra lẹ́ǹsì fún kámẹ́rà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni kò fi sẹ́ni tó ráyè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nílé wọn ní Ìjàpò, l'Àkúrẹ́.

Kámẹ́rà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, fíìmù ńlá ló sì ń jẹ. Ènìyàn kì í fi inú lẹ́ǹsì rẹ̀ wòran. Fèrèsé kékeré kan ló wà lókè tí wọ́n ń fojú kan yọ́ wò, kí lẹ́ǹsì máa ṣe tirẹ̀ nísàlẹ̀. Akínyẹmí, ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tó máa ń buwọ́ lu ìwé láìkà á tán, ti ka gbogbo ohun tí aráyé kọ nípa rẹ̀.

Ẹbí Kíkẹ́lọmọ ló fẹ́ wó ilé bàbá wọn l'Óǹdó, kí wọ́n kọ́ tuntun síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Jethro, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kí gbogbo ẹbí kọ́kọ́ ya fọ́tò níwájú ilé náà. Àmọ́ òpópónà ibẹ̀ há. Bí ayafọ́tò bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa gbá.

"Ẹ jẹ́ ká fi fóònù yà á," ni Kíkẹ́lọmọ wí.

Akínyẹmí wò ó bí ẹni tó ní kí àlùfáà fi mínírà ṣe Ìdàpọ̀ Mímọ́.

Adélaní, tó ń ta kámẹ́rà àlòkù nígboro Àkúrẹ́, gbé lẹ́ǹsì méjì kalẹ̀. Ọ̀kan ríran fẹ̀ níwọ̀nba. Èkejì ríran dé ibi tí kò kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ti àkọ́kọ́," ni Adélaní wí. "Tẹ́ ẹ bá mú èkejì, ẹni tó bá jókòó létí fọ́tò á fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá sì gbójú rẹ̀ sókè pẹ́nrẹ́n, ilé á dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn."

Akínyẹmí dúpẹ́, ó lọ sílé lọ rò ó. Ó dáhò sí páálí, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi nínú oòrùn, òun sì ń yọ́ ọ wò láti inú ihò. Nígbà tó rò ó tán, èyí tó fẹ̀ jù ló rà.

"Ẹni tó ń ra bàtà fún ọmọ," ó ṣàlàyé, "kì í ra èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu gẹ́ẹ́."

"Òótọ́ ni, Bàbá Ẹ̀bùn. Ilé tí wọ́n fẹ́ wó ṣì lè dàgbà," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ní Sátidé tí wọ́n lọ sí Oǹdó, gbogbo ẹbí tò lọ rẹrẹ. Wọ́n gbé àga Àǹtí Moríyọ̀, àbúrò bàbá wọn, sí ìkángun. Akínyẹmí ń pàṣẹ bí ọ̀gá ṣọ́jà: "Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ má mira!" Ó ya fíìmù kan tán pátápátá. Ìgbà tó ń wá èkejì lápò ni Kíkẹ́lọmọ sún mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú o. Ìdérí dúdú tó wà lẹ́nu lẹ́ǹsì yẹn, ṣé òun ló ń jẹ́ kó ríran fẹ̀ ni?"

Fèrèsé òkè kì í mọ̀ bí wọ́n bá di lẹ́ǹsì lójú. Akínyẹmí ṣí ìdérí náà wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣí fìlà fún àgbà. Ìtìjú mú un kánjú, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ Adélaní, ó gbé ojú kámẹ́rà sókè kó lè mú òrùlé, ó sì fi fíìmù kejì yà á.

Kí wọ́n tó fọ fíìmù náà dé láti Èkó, katakata ti wó ilé.

Nígbà tí fọ́tò dé, wọ́n pé jọ sí pálọ̀ Bọ̀ọ̀dá Jethro. Ilé bàbá wọn fara sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí. Àwọn tó wà láàárín kéré bí ẹ̀pà.

"Àna wa, ẹ ṣeun o," ni Bọ̀ọ̀dá Jethro wí. "Ilé yìí mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wó òun, ó ti ń sá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kíkẹ́lọmọ ti tọ́jú èébú tirẹ̀ láti Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i tí ọkọ rẹ̀ ń fi ìka nu fọ́tò náà bí ẹni pé ìdọ̀tí ló bà á jẹ́, ó gbé e mì.

Àǹtí Moríyọ̀ gba fọ́tò, ó gbé e sún mọ́ ojú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni aṣọ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, kì í sì í fẹ́ wo dígí mọ́. Nínú fọ́tò, apá rẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ó jókòó bí ẹni tó ni gbogbo oko kòkó Bọ́lọ́rundúró.

"Ẹ wò mí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹran ara mi ti padà. Akínyẹmí, ìwọ nìkan ló mọ fọ́tò yà nínú ilé yìí. Bá mi ṣe ńlá rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Akínyẹmí kàn mi orí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó padà dé Àkúrẹ́, agídí rẹ̀ ti jí: "Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni Àǹtí máa jókòó sí. Ohun tí mo ṣe ra èyí tó fẹ̀ nìyẹn."

Fọ́tò tí Kíkẹ́lọmọ mú bọ̀ wà lórí itan rẹ̀ nínú mọ́tò. Ní ìkángun kejì, níbi tí lẹ́ǹsì kékeré kò ní dé láé, pèpéle sìmẹ́ǹtì tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ hàn ketekete. Kò sẹ́ni tó rántí pé kí wọ́n yà á kí katakata tó gun orí rẹ̀ kọjá. Ó fi ìka bo pèpéle náà, ó ń wo ojú ọ̀nà. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, lẹ́ǹsì mìíràn á ti wọlé kí oṣù tó parí.