Dókítà Kọjú sí Ògiri

Dókítà-Kò-Lábẹ́rẹ́ ni ìyàwó Dókítà ń pè é nínú ilé, òun náà sì gbà pé orúkọ yẹn bá òun mu. Ìmọ̀ bí ọmọdé ṣe ń ronú ló fi gboyè, kò lè wo ẹ̀fọ́rí lásán. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní yunifásítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Tó bá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ sí kọ́rídọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí yàrá Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀ ọ́ lójú.

Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi wádìí bí òye ṣe ń wọ orí ọmọdé, nínú yàrá ńlá kan tó kún fún àga kéékèèké àti ohun ìṣeré. Màmá ti di olóògbé báyìí. Àwọn aláṣẹ ní ẹni tí Bàbá, ọkọ Màmá, bá fi yàrá náà lé lọ́wọ́ ni yóò máa lò ó, Bàbá sì ti ní ibi àsọyé ìrántí ìyàwó òun ni òun yóò ti sọ ẹni náà. Dókítà ni wọ́n wá ní kó sọ àsọyé ọ̀hún. "Ó ti parí," ló sọ fún ara rẹ̀ nínú dígí, "yàrá ti di tèmi."

Ẹlòmíràn ìbá ka ìwé rẹ̀ kó lọ jókòó jẹ́jẹ́. Rárá o, Dókítà fẹ́ dárà. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ni òun yóò fi ṣàlàyé níṣojú gbogbo èèyàn. Ìdánwò náà ò le. Wọ́n á bu omi tó dọ́gba sínú ife méjì, wọ́n á wá da ọ̀kan sínú ife mìíràn tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọdé á ní inú èyí tó ga ni omi pọ̀ sí jù, torí ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò nílé, ọmọ náà nawọ́ sí èyí tó ga. Inú Dókítà dùn dé góńgó, ó fún un ní bisikíìtì. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lè jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́, omi ṣáá ni wọ́n ń dà. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu omi yìí náà." Nígbà tó yá, ọmọ ní, "Dádì, wọ́n dọ́gba." Ojú Dókítà fà ro. Ọmọ wo ojú náà, ó ní, "Èyí tó ga ni." Dókítà mí kanlẹ̀, ó tún fi bisikíìtì jíǹkí rẹ̀. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ti Dókítà tún wá kú jọjọ.

Lọ́jọ́ àsọyé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé àwòrán Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ sára ògiri lẹ́yìn pèpéle. Bàbá jókòó níwájú, wọ́n fọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá wọn. Dókítà sọ̀rọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ńláńlá, ó wá pe ọmọ rẹ̀ sókè. Ó gbé àwọn ife kalẹ̀. Kò tíì da omi kankan tí ọmọ fi fọhùn.

"Èyí tó ga ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Dúró ná, mi ò tíì bi ọ́," ni Dókítà wí. Òógùn ti bò ó.

Ọmọ wo ojú rẹ̀. "Èyí tó kúrú?" Ó tún wò ó. "Àbí wọ́n dọ́gba? Dádì, èwo ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu ara wọn. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ẹni tó ṣubú tó ní òun kàn fẹ́ jókòó ni. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n rọra gun pèpéle wá, wọ́n dúró ti Dókítà.

"Kọjú sí ògiri," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Sà?"

"Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ọmọ rí ojú òun tó bá ń bi í ní nǹkan. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fi kọ ìwé tó fi di dókítà, ìwé gbàǹgbà tó fi ń dá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì dúró kí atẹ́gùn má baà tì í.

Ó kọjú sí ògiri. Òun olùsọ àsọyé, ó kẹ̀yìn sí gbogbo èrò, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwòrán ọ̀gá rẹ̀. Ó gbọ́ tí Bàbá fa àga, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń da omi. Ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró.

"Ìyá mi," ni Bàbá wí, "kí lo rí?"

Ọmọ ní, "Wọ́n dọ́gba. Omi yẹn náà ṣì ni. Ẹ ò bù kún un, ẹ ò sì dà á nù." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí pèpéle gbé e dé etí gbogbo èèyàn. "Ẹ má sọ fún dádì mi o. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, inú wọn kì í dùn."

Dókítà mọ̀ pé yàrá ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì yà á lẹ́nu pé ìyẹn kọ́ ló dun òun. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ yìí ti mọ òótọ́ tipẹ́, tó sì ń gbé e mì nídìí oúnjẹ lójoojúmọ́ kí inú òun lè dùn. Bàbá ní kó yíjú padà. Kò yí i. Omijé ti bo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ bá fi rí ojú náà, á yára sọ pé èyí tó ga ni.