Ìbuwọ́lù Tí Christianah Kò Fún Wọn

Bọ̀ọ̀dá Timothy, àbúrò bàbá Christianah, ni wọ́n gba iṣẹ́ ilé Alhaja Bùsírátù ní Láfẹ́nwá. Ilé parí, wọ́n kùn ún, ṣùgbọ́n àwọn oníná ò ní fa iná síbẹ̀, àfi tí ẹni tó ní ìwé àṣẹ bá fọwọ́ sí i pé wáyà inú rẹ̀ dáa. Iṣẹ́ iná ni Christianah ń ṣe, ó sì ní ìwé àṣẹ. Àwọn Bọ̀ọ̀dá Timothy yìí náà ni wọ́n sì rán an níwèé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀.

"Ṣáà bá mi fọwọ́ sí i," ni wọ́n wí.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó, sà."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Alhaja ti kó wọlé, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìnkùlé. Christianah fi tẹ́sítà kan páìpù omi ilé ìdáná. Iná tàn nínú tẹ́sítà náà. Ó tún fi kàn án, ó tún tàn. Iná ti wọnú páìpù omi. Ó sáré sí balùwẹ̀.

Lubabah, ọmọ Alhaja, ló bá níbẹ̀. Ó pọn ọmọ, kò wọ bàtà, ilẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ síbi ẹ̀rọ omi.

"Má fọwọ́ kàn án. Dúró bẹ́ẹ̀."

Lubabah dúró. Christianah lọ pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó tú hítà tó ń mú omi gbóná ní balùwẹ̀ wò, kò sí wáyà ilẹ̀ tó yẹ kó gbé iná sálẹ̀ níbẹ̀ rárá, wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ sì ti bó, ó fara ti irin hítà náà, ibẹ̀ ni iná ti ń wọ páìpù.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Alhaja bèèrè.

"Ọmọkùnrin kan ní Ṣàpọ́n ni," Bọ̀ọ̀dá Timothy dáhùn. "Ó mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ṣé ó ní ìwé àṣẹ?"

Wọ́n mi orí pé kò ní.

"Èmi ò mọ ọmọkùnrin kankan. Ẹ̀yin ni mo gbéṣẹ́ fún. Ká ní ọmọ mi kú lónìí, ọrùn yín ni ì bá wà."

Bọ̀ọ̀dá Timothy fa Christianah jáde. "Fọwọ́ sí i, màá tún un ṣe lọ́la. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ti bà mí lórúkọ jẹ́ nìyẹn. Ta ló rán ẹ níwèé?"

"Ẹ̀yin ni, sà." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Àwọn òṣìṣẹ́ fọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wọ́n tú gbogbo wáyà náà. Ẹlòmíì tó ní ìwé àṣẹ ló tún un ṣe, Bọ̀ọ̀dá Timothy ló sanwó rẹ̀. Iná dé ilé Alhaja.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Christianah kúnlẹ̀ kí Bọ̀ọ̀dá Timothy níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà," ni wọ́n fi dá a lóhùn, bí ẹni ń kí àlejò, wọ́n sì kọjá lọ.