Ìkíni Tí Hàfúsátù Kọ́ Àlejò

Ọmọbìnrin náà ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé ìlera tán tí Hàfúsátù ti pòṣé. Ẹ wo bàtà onígìgísẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀! Ẹ wo èékánná pupa fòò, tó gùn bí ti àwòdì! Ó gbá báàgì mọ́yà bí ẹni pé gbogbo ilé ìlera náà ló fẹ́ jà á lólè.

"Ṣíọ̀! Èyí ni wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ? Ta ni yóò wá tọ́jú òun alára?"

Inúmidùn lorúkọ ọmọ náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, Ìbàdàn ló ti kàwé, kò sì tẹ ilẹ̀ yìí rí kí wọ́n tó gbé e wá sí ẹ̀ka tó ń la àwọn ìyá lọ́yẹ̀ nípa ìlera. Ẹ̀ka ọ̀hún ò ju yàrá kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni Hàfúsátù ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán, ti ń múra àtifẹ̀yìntì, ojú Hàfúsátù ò sì kúrò lára àga rẹ̀. Kódà, ó ti ra tìmùtìmù tí yóò gbé lé e, ó fi pamọ́ sílé.

"Ìyá Malikah," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán wí fún Hàfúsátù, "ẹ bá mi bójú tó ọmọ yìí. Ó ní dìgírì o. Mo fẹ́ kó ti já fáfá kí n tó lọ."

Dìgírì! Ọ̀rọ̀ yẹn há Hàfúsátù lọ́fun bí egungun ẹja. Ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kí! Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúnkún kan ló kan ilẹ̀, èkejì ń ṣọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà ni?

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ni yóò bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè fojú wọn wò ó. Wọ́n sì ní èèwọ̀ kan. Lójú ọ̀nà tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ni ilé ìlera náà wà, lórí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ará Ìlobù ní tàwọn ni, ará Ìfọ́n ní tàwọn ni. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ìlú níbẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Àní pátákó iwájú ilé, "Ilé Ìlera" lásán ni wọ́n kọ sí i.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, Inúmidùn wá bá Hàfúsátù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe kí wọn tí wọ́n á fi gba tèmi?"

Hàfúsátù rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ẹ̀rín àgbàlagbà! "Ìyẹn ò le rárá, ọmọ mi. Dárúkọ ìlú fún wọn. Sọ pé inú ẹ dùn pé o wá sí ìlú Ìlobù. Wọ́n á fẹ́ràn ẹ."

"Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yín."

"Àmín," ni Hàfúsátù wí. Kò tijú!

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, àwọn ìyá kún àga fọ́fọ́. Malikah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Hàfúsátù bí, wà láàárín wọn. Ìfọ́n ló ti lọ́kọ. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Mùíbátù, àti àwọn ìyàwó ilé wọn ni wọ́n jọ wá. Ọmọ Malikah, Mansur, ti pé oṣù mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ èèyi ló wá gbà. Hàfúsátù gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó wá wòran.

Inúmidùn dìde. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa! Inú mi dùn púpọ̀ pé mo wá sí ìlú Ìlobù yìí!"

Àwọn ará Ìlobù hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lápá kejì, àwọn ará Ìfọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí àwọn àgbà ò rí dá, ọmọ onígìgísẹ̀ yìí ti dá a kó tó jókòó.

Mùíbátù dìde dúró. "Ìlú ta ni? Ìwọ, ta ló fún ẹ nílẹ̀ yìí tó o fi ń pín in?" Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Inú Hàfúsátù ń dùn ṣìnkìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀ ni Malikah dé iwájú rẹ̀, tó gba Mansur lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó wo ni yóò jókòó nígbà tí ìyá ọkọ bá dìde? Ó pọn ọmọ, ó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán fi ìbínú béèrè pé, "Ta ló ní kó o dárúkọ ìlú?"

Inúmidùn wo Hàfúsátù. Hàfúsátù ń já òwú etí ìró rẹ̀, ó ń já òwú, kò gbójú sókè.

"Èmi ni mi ò béèrè dáadáa, sà," ni Inúmidùn wí.

Dìndìnrìn! ni Hàfúsátù wí nínú ara rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán fẹ̀yìntì, Hàfúsátù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe dórí àga nìyẹn o. Ó gbé tìmùtìmù rẹ̀ wá, ó jókòó. Abẹ́rẹ́ tí Mansur ò tíì gbà ń kọ́? Ó ní wọn yóò padà wá fúnra wọn. Bí òun bá lọ bẹ̀ wọ́n ní Ìfọ́n, wọ́n á máa béèrè ọ̀rọ̀, kí ni òun fẹ́ sọ? Inúmidùn ní tirẹ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀, ó wọ sálúbàtà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sí Ìfọ́n lọ kúnlẹ̀ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Hàfúsátù a máa fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo dìgírì lórí ìkúnlẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Èèyi bẹ́ sílẹ̀ ní Ìfọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kadà sáré wọlé. Malikah ló bọ́ sílẹ̀, Inúmidùn tẹ̀ lé e. Ara Mansur ti sú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí helehele. Hàfúsátù já a gbà, ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àyà rẹ̀ ò dára, ó sáré lọ wá oògùn.

"Ọpẹ́lọpẹ́ àǹtí yìí," ni Malikah wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá ọkọ mi ní bí àǹtí ò bá sọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni yẹn, kò sí ọmọ àwọn tó máa débí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í. Kò sọ. Òwúrọ̀ yìí ni wọ́n tó rí i pé ọmọ fẹ́ kú, tí wọ́n fi jẹ́ kí àǹtí gbé wa wá. Màmá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn lọ, ẹ jọ̀ọ́," ni Inúmidùn yára wí.

Hàfúsátù ti la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ, pé àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyí, wọn ò mọ nǹkan kan. Mansur wúkọ́. Ara ọmọ náà gbóná débi pé ó ń jó o lára.

"Èmi ni," ni ó wí.

Malikah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì gbé e fún Inúmidùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dání. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ gba oògùn."

Inúmidùn gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń rọra fọwọ́ lù ú lẹ́yìn. Hàfúsátù jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì là sílẹ̀.